Ọ̀rá Tí Wọ́n Rí Nínú Ẹ̀dọ̀ Mojísọ́lá

Igbó-Elérin, Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé o rí ìpè mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, o sì jẹ́ kí fóònù náà dún tán. Mi ò bínú. Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, bóyá èmi náà ò ní gbé e. Gbénga ọkọ rẹ ló sọ fún mi pé ẹ ti dé Ìlọrin láyọ̀, pé omi ń yọ nílé tuntun náà, pé o sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ náà tù ọ́ lára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí iṣẹ́ ni mo ṣe mú bíírò. Jọ̀ọ́, kà á dé òpin. Tí o bá kà á tán tí o fẹ́ fà á ya, ọwọ́ rẹ ló wà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ẹ wá dágbére fún mi ni. Mò ń wẹ̀ fún Ìrètí ọmọ rẹ lẹ́yìn ilé. Mo fi kànìnkàìn ra ọrùn rẹ̀, dúdú tó wà níbẹ̀ kò ṣí. Mo tún fi ọṣẹ sí i, mo tún ra á. Ọmọ náà ní, "Màmá àgbà, ẹ̀ ń ha mí lára." Ìgbà yẹn ni mo tó yí i síbi tí oòrùn wà, mo wo ọrùn náà dáadáa. Ó dúdú ju ara tó kù lọ, ó nípọn, ó sì ki lọ́wọ́ bí aṣọ àrán. Mo gbé apá rẹ̀ sókè, bákan náà ni abẹ́ abíyá rẹ̀ rí. Mo wo ikùn rẹ̀ bó ṣe yọ síwájú. Ọmọ ọdún méje. Kànìnkàìn bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo wọlé wá bá ọ, mo ní, "Mojí, oúnjẹ tí ọmọ yìí ń jẹ, ó yẹ ká wò ó o." Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. O dìde fùú.

"Màmá, ẹ má bẹ̀rẹ̀! Ẹ ò ní ṣe ọmọ mi bí ẹ ṣe ṣe mí. Ọmọ mi dáa bó ṣe wà."

O lọ fa ọmọ náà tòun ti ọṣẹ létí, o wọ̀ ọ́ láṣọ, ẹ sì jáde. O ò wẹ̀yìn.

Òótọ́ lo sọ. Ọmọ náà dáa bó ṣe wà. Ìwọ náà dáa bí o ṣe wà nígbà yẹn, ohun tí mo ṣe sí ọ kò sì dáa. Ṣùgbọ́n ohun tí o mọ̀ nínú rẹ̀ kò tó ìdajì. Ìyókù ni mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí. Ogún ọdún ni mo ti fi í pamọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Ayọ̀délé. Orúkọ rẹ̀ nìkan lo mọ̀, nítorí a máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Òun ni mo kọ́kọ́ bí. Ẹ̀yi ló kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru wọlé, ó sì ń joro lójú wa títí. Nígbà tí mo gbé e kẹ́yìn, ńṣe ló dà bí ẹni gbé aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká láti orí okùn. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tó kú. Ìyá bàbá rẹ wò mí lójú lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ ò mọ ọmọ tọ́jú."

Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni mo bí ọ. O sanra láti ìgbà tí o ti ń mu ọmú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kún, ẹsẹ̀ rẹ ká lójú méjì-méjì. Gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá gbé ọ sórí ìwọ̀n tó sọ pé o ti wúwo sí i, èmi ni ara ń tù. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè gba ọmọ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

O rántí pé akọ̀wé ni mí nígbà yẹn ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀jọ́, mo sì ní fìrísà kan níwájú ilé tí a fi ń ta ẹlẹ́rìndòdò àti mólítì. O rántí pé bàbá rẹ ń wa bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì. Ohun tí o lè má rántí ni bí o ṣe ń jẹun, nítorí ọmọdé kì í ka ohun tó ń jẹ. Núdùsì méjì láàárọ̀ pẹ̀lú ẹyin. Sọ́séèjì àti ẹlẹ́rìndòdò nílé ìwé. O bá dé, mi ò tíì dé, o ṣí fìrísà fúnra rẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ á wọlé pẹ̀lú àpò bébà tí òróró ti rin: mítì páì tàbí dónọ́ọ̀tì. Bí yunifọ́ọ̀mù rẹ ò bá ṣeé dè níbàdí mọ́, màá gbé e lọ fún télọ̀ kó tú u sílẹ̀ díẹ̀, èmi náà á sì máa rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ fún un pé ọmọ mi tún ti yọ kúrò nínú aṣọ. Àwọn aládùúgbò á fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, wọ́n á ní, "Ìyá Mojí, ẹ̀ ń tọ́jú ọmọ o." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju owó oṣù lọ. Mo máa ń fẹ́ kí ìyá bàbá rẹ wà nítòsí kí wọ́n gbọ́.

Nígbà tí o di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ọ́. O bá ti ilé ìwé dé, ilẹ̀ lo máa lọ sùn sí, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. O máa ń fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà rẹ ọ̀tún, wàá ní, "Màmá, ibí yìí ń wúwo." Mo fún ọ ní oògùn aràn. Ọrùn rẹ dúdú, mo pè é ní ìdọ̀tí, mo ń fi kànìnkàìn ha á títí awọ ibẹ̀ fi bó lọ́jọ́ kan. O sunkún, mo ní kí o máa wẹ̀ dáadáa. Bí mo ṣe gbá Ìrètí mú lẹ́yìn ilé lọ́jọ́sí, tí mo tún ń ra ọrùn tirẹ̀, ojú rẹ ìgbà yẹn ni mo rí.

Olùkọ́ rẹ ló kọ ìwé sí mi pé o kì í lè sáré dé òpin pápá, pé kí n mú ọ lọ rí dókítà. A lọ sí ilé ìwòsàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Badagry. Dókítà náà, obìnrin kékeré kan tí ohùn Oǹdó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tẹ ikùn rẹ, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, ó sì ní kí wọ́n ya àwòrán inú rẹ. Wọ́n fi ohun tútù kan pa ọ́ níkùn, o ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èsì dé, ó ní kí o lọ jókòó sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì níta.

Ó ní, "Màmá, ọ̀rá ti kó sínú ẹ̀dọ̀ ọmọ yín."

Ohun tí mo mọ̀ nípa àrùn ẹ̀dọ̀ nígbà yẹn ò ju ọ̀mùtí lọ. Mo ní, "Dókítà, ọmọ mi ò mu ọtí o!"

"Mo mọ̀, Màmá. Kì í ṣe ọtí nìkan ló ń fà á. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù, àgàgà èyí tí à ń mu, ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di ọ̀rá. Ikùn tí ẹ̀ ń wò níta yìí, ó ní èyí tó wà nínú. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, ìyẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Tí a bá fi sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà lè wú, ó sì lè di àpá tí kò ní jinná mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì lè tún ara rẹ̀ ṣe bí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀." Ó mú ìwé. "Ẹlẹ́rìndòdò mélòó ló ń mu?"

Mo ní, "Ẹyọ kan, lọ́jọ́ Sunday."

Ó wò mí. Ó ní kí wọ́n pè ọ́ wọlé. "Mojísọ́lá, ẹlẹ́rìndòdò mélòó lo mu lánàá?"

O ka ìka rẹ. "Mẹ́ta. Màmá fún mi ní ọ̀kan, mo mú méjì."

Mi ò lè gbójú sókè. Nígbà tí a jáde dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, mo gbá ọ létí. O dì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, o ní, "Màmá, kí ni mo ṣe?" Ọlọ́kadà kan pàápàá ní, "Madam, kí ló dé?" Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì dá ọ lóhùn láti ìgbà náà. Ìdáhùn rẹ nìyí, Àjọkẹ́: o ò ṣe nǹkan kan. Òótọ́ lo sọ, èmi ni mo purọ́.

Mi ò sọ fún bàbá rẹ. Ìbẹ̀rù ìyá rẹ̀ ni. Mo ń gbọ́ ohùn wọn létí mi pé ti àkọ́kọ́ kú, èyí náà rèé. Mo sọ fún bàbá rẹ pé aràn ni. Mo wá dá ẹrù náà gbé, mo sì gbé e bí aṣiwèrè. Mo fi àgádágodo sí fìrísà. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi àti bàbá rẹ á máa jẹ ìrẹsì àti dòdò, ìwọ á jókòó sí ìkángun tábìlì pẹ̀lú ẹ̀wà tí mi ò fi epo sí. Bí o bá na ọwọ́ sí dòdò, màá pè ọ́ ní oníkùn. Ọ̀rọ̀ burúkú yẹn, ẹnu mi ló ti jáde lójúmọ́. O máa ń lọ sunkún sí bálùwẹ̀, màá sì gbọ́. Lẹ́yìn náà ni màá lọ mu mólítì tèmi ní ìdákọ́ńkọ́ nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ, tí kò mọ nǹkan kan, rò pé mo ti ya òǹrorò sí ọmọ rẹ̀, ó sì ń fún ọ ní mítì páì nínú bọ́ọ̀sì kí ẹ tó wọlé. Ikùn rẹ ò fà.

Oṣù méjì kọjá báyìí. Sùúrù mi tán. Obìnrin kan wà ní Okokomaiko tó ń ta àgbo inú ìgò. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́ fọ́nfọ́n, ó sì ń fa ikùn wọlé, pé ọjọ́ méje péré ni. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ má fún un ní àgbo kankan, ẹ má fún un ní oògùn tí mi ò kọ." Mo rántí ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń sanwó. Mo sọ fún ọ pé fítámì ni. Ife kan láàárọ̀, ife kan ní ìrọ̀lẹ́. Ó korò, o ń fọwọ́ di imú mu ún nítorí èmi ìyá rẹ ni mo ní kí o mu ún.

Ní ọjọ́ karùn-ún, o bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo ní ìdọ̀tí inú ló ń jáde. Ní ọjọ́ keje, Sátidé, lọ́sàn-án gangan, o jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Mo pè ọ́. O gbé ojú sókè. Funfun ojú rẹ ti pọ́n bí omi epo.

Mi ò mọ irú igbe tí mo ké. Bàbá rẹ ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sáré dé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Ó gbé ọ, bí o ṣe wúwo tó, ó ń sá lọ sí títì. A gba ọ̀kadà méjì. Bí a ṣe ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ó ń pariwo sí mi láti orí tiyín: "Kí ló jẹ? Kí ló mu?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó tún béèrè nígbà tí a dé iwájú bárékè àwọn ṣọ́jà, mo tún ní mi ò mọ̀. Orí rẹ ń mì lórí èjìká rẹ̀ bí ti ọmọ tó ń sùn.

Dókítà yẹn kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ṣí ojú rẹ wò, ó wo ìtọ̀ rẹ tó ti dúdú bíi tíì tí a ò fi mílíìkì sí. Ó yíjú sí mi.

"Màmá, kí lẹ fún un?"

Bàbá rẹ dúró tì mí. Mo ń wo ilẹ̀.

"Ẹ wò mí, Màmá. Tí mi ò bá mọ ohun tó wà lára rẹ̀, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ fún ọmọ yìí?"

Mojísọ́lá, èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo tún fẹ́ purọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi. O wá kérora lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo ṣí báàgì mi, mo gbé ìgò àgbo tí mo ti jù sínú rẹ̀ kí a tó kúrò nílé sórí tábìlì.

Bàbá rẹ wo ìgò, ó wò mí. "Kí nìyí fún?"

"Fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀."

"Kí ló ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀?"

Ibẹ̀ ló ti gbọ́, lójú dókítà àti nọ́ọ̀sì méjì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, oorun rẹ pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n jí ọ, o wò mí, o ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, Màmá mi ńkọ́?" Dókítà ní bí kò bá yí padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn á gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì ní kí a múra ọkàn wa sílẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà látàárọ̀. Mo ń ronú nípa Ayọ̀délé. Mo ronú pé ọ̀kan joro kú mọ́ mi lọ́wọ́, èkejì rèé tí mo fi ọwọ́ ara mi bọ́ yó títí, tí mo tún fi ọwọ́ ara mi fún ní májèlé.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin lo béèrè omi. O pè mí ní Màmá. Bàbá rẹ bọ́ sí ìta, ó fi ojú sínú fìlà rẹ̀.

Ibà apọ́njú la sọ fún ọ pé ó ṣe ọ́. Ìyẹn náà lo ti ń kọ sínú gbogbo fọ́ọ̀mù láti ìgbà náà, títí kan ti ibi iṣẹ́ tuntun yìí, nítorí o bi mí lórí fóònù nígbà tí ò ń kọ ọ́ kí ẹ tó kó lọ, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ibà apọ́njú ni. Kì í ṣe ibà. Èmi ni.

Nígbà tí a dé ilé, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo ojú bàbá rẹ. Mò ń retí pé yóò pe ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó tì mí ní kíṣìnì. Ó ní, "Ìyá Mojí, o fi í pamọ́ fún mi. Èmi náà ń fún un ní mítì páì nínú bọ́ọ̀sì, mo ní kó má sọ fún ọ. Àwa méjèèjì la ṣe é. Kò ní sí ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́ nílé yìí mọ́." Kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ títí tí wọ́n fi kú, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí òun náà fi kú. Ọjọ́ yẹn náà ló fa wáyà fìrísà yọ. A ò ta ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Láti ìgbà náà, ìkòkò kan ṣoṣo la ń sè, ohun tí o bá ń jẹ làwa náà ń jẹ: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, ìrẹsì tí kò pọ̀, omi. Mo rò pé o rò pé owó ló tán lọ́wọ́ wa.

O rántí ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó ń gbé lọ́nà Ìbà? Èyí tí ẹ máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí ẹ kì í bá nílé? Bàbá rẹ á kan ilẹ̀kùn géètì kan, á dúró díẹ̀, á ní, "Kò tíì dé. Ká máa lọ ilé, a óò padà wá lọ́la." Kò sí ọ̀rẹ́ kankan ní Ìbà, Mojí. Ó ti bá ọlọ́dẹ géètì náà sọ̀rọ̀. Dókítà ló ní kí o máa rìn lójoojúmọ́, bàbá rẹ ò sì fẹ́ kí o rò pé ìjìyà ni.

Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó tún ya àwòrán inú rẹ. Dókítà yí ojú ẹ̀rọ náà sí wa, ó ní, "Ẹ wò ó. Ọ̀rá náà ti ń fọ́n lọ." Ó ní kí a máa mú ọ wá lọ́dọọdún. Mi ò mú ọ padà mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn, màá yà sí òdìkejì títì. Mo ní o ti yá. Àṣìṣe mi tó kẹ́yìn nìyẹn, mo sì ń ṣe é lọ́wọ́ títí di òní.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Àkọ́kọ́, mú Ìrètí lọ rí dókítà ní Ìlọrin. Mi ò sọ pé ohun tó ṣe ọ́ ló ń ṣe é. Èmi kì í ṣe dókítà, ikùn tó yọ àti ọrùn tó dúdú lè má kan ẹ̀dọ̀ rárá. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ. Ṣùgbọ́n má fi kànìnkàìn ha ọrùn yẹn, má sì dúró dìgbà tí nǹkan kan bá tó dùn ún. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ṣe àyẹ̀wò tìrẹ náà, kí o sì pa ibà apọ́njú rẹ́ nínú ìwé. Sọ pé àgbo ni.

Èkejì, bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí ọmọ náà ń jẹ àti ohun tó ń mu, sọ ọ́ bó ṣe rí. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, sọ pé mẹ́ta. Ojú á tì ọ́ fún ìṣẹ́jú kan, á sì kọjá. Jẹ́ kí Gbénga wà níbẹ̀. Má dá ẹrù náà gbé.

Bí wọ́n bá ní nǹkan kan wà níbẹ̀, orí ohun tí ọmọ ń mu ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé júùsì inú páálí ni ẹ fi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Ṣúgà náà ló wà níbẹ̀. Gbé e kúrò nílé, má gbé e kúrò lọ́wọ́ ọmọ nìkan. Ohun tí ọmọ ò bá gbọ́dọ̀ jẹ, kí ìyá àti bàbá má jẹ ẹ́ lójú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Má fi ebi pa á. Má pè é lórúkọ kankan yàtọ̀ sí èyí tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ jọ máa rìn, ẹ jọ máa ṣeré, kó má mọ̀ pé oògùn ni.

Má fún un ní àgbo, má fún un ní tíì tó ń fa ikùn, má fún un ní ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo gbé e wá, dà á nù lójú mi.

Ní ti ìwọ àti èmi, mi ò mọ bí a ṣe ń tọrọ ìdáríjì fún irú nǹkan báyìí nínú lẹ́tà, nítorí náà mi ò ní tọrọ rẹ̀ níbí. Mo mọ̀ pé gbogbo ọdún wọ̀nyí lo rò pé ara rẹ ń tì mí lójú. Ara rẹ ò tì mí lójú rí. Èmi ni mo ń ti ara mi lójú, mo sì jẹ́ kí o máa gbé e kiri.

Bí o bá mú ọjọ́ tí ẹ máa rí dókítà, sọ ọ́ fún Gbénga kó sọ fún mi. Màá wọ mọ́tò wá sí Ìlọrin. Bí o ò bá fẹ́ kí n sùn nílé rẹ, mo ní ẹni tí mo lè sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí n jókòó síta, màá jókòó síta. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dọ̀ rẹ nígbà tí o wà lọ́mọdé, pè mí wọlé. Màá dúró níwájú rẹ àti níwájú ọmọ rẹ, màá sì sọ ohun tí mo fún ọ mu.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.